Ìdè Inú Iyọ̀ àti Ìdè Inú Irin

Ní ọjọ́ kan, ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́, mo pe ọ̀dọ́mọkùnrin kan dìde, mo ní kí ó sọ fún wa irú ìdè tí ó wà láàrin àwọn ohun tí ó di iyọ̀. Kò ṣiyèméjì rárá. Ó kà á jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni ń ka Àdúrà Olúwa, kò fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Mo yìn ín. Lẹ́yìn náà ni mo bi í pé, “Èéṣe tí iyọ̀ fi ń yọ́ sínú omi, tí epo pupa kò sì ṣe bẹ́ẹ̀?” Ọmọ náà wò mí, ó wo òrùlé, ó sì jókòó. Nínú gbogbo kíláàsì, kò sí ẹni tí ó lè dá mi lóhùn. Bẹ́ẹ̀ ni kò ní pẹ́ tí gbogbo wọn yóò fi di olùkọ́ ọmọ ẹlòmíràn.

Èmi kò dá wọn lẹ́bi. Àwa tí a kọ́ wọn ni ọ̀ràn náà kàn, nítorí orúkọ ni a kọ́ wọn, a kò kọ́ wọn ní ohun náà gan-an. Mo sì wí i níwájú ẹ̀yin ọlọ́lá ìjòyè àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ìlú wa, pé olùkọ́ Yorùbá tí kò bá lè fi èdè ìyá rẹ̀ ṣe àlàyé bí ohun kan ti di ara rẹ̀ mú, òun fúnra rẹ̀ kò tíì mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a mú iyọ̀ inú ọbẹ̀ wa. Ohun méjì ni ó para pọ̀ di iyọ̀. Èkínní ni sódíọ̀mù, tí ó dán bí fàdákà, tí ó rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a lè fi ọ̀bẹ gé e. Bí omi bá kàn án, ariwo àti iná ni. Èkejì ni kilorínì, afẹ́fẹ́ olóró tí àwọn ọmọ ogun Jámánì tú sí àwọn ọ̀tá wọn nítòsí Ypres ní ọjọ́ 22 oṣù kẹrin ọdún 1915. Èyí tí ń gbiná àti èyí tí ń pa ènìyàn fẹ́ ara wọn tán, wọ́n bí ohun tí à ń fi sọ ọmọ lórúkọ! Níbo ni oró wọn gbà lọ? Átọ́ọ̀mù sódíọ̀mù ní ẹlẹ́kitírọ́ọ̀nù kan ní ẹ̀yìn òde rẹ̀ tí kò ṣòro fún un láti fi sílẹ̀. Kilorínì sì ń wá ẹyọ kan péré tí tirẹ̀ yóò fi pé. Èkínní fi tọrẹ, èkejì gbà á. Láti ìgbà náà ni iná mànàmáná apá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ti wà lára wọn, tí wọ́n sì ń fa ara wọn. Sódíọ̀mù kọ̀ọ̀kan dúró láàrin kilorínì mẹ́fà, kilorínì kọ̀ọ̀kan sì dúró láàrin sódíọ̀mù mẹ́fà. Ìfà yìí le tó bẹ́ẹ̀ tí ooru gbọdọ̀ tó 801 ní ìwọ̀n Celsius kí iná tó lè sọ iyọ̀ di olómi.

Báwo wá ni omi tútù lásán ṣe ń tú ohun tí iná fi agbára bẹ́ẹ̀ tú? Nínú omi, ọ́síjìn a máa fa ẹlẹ́kitírọ́ọ̀nù sọ́dọ̀ ara rẹ̀ ju háídírójìn méjì tí ó wà pẹ̀lú rẹ̀ lọ, nítorí náà omi ní apá méjì tí kò jọra. Àwọn apá wọ̀nyí ni ó yí ẹyọ iyọ̀ ká, tí wọ́n sì ń fà á jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Epo kò ní irú apá bẹ́ẹ̀. Omi kò kórìíra epo. Ara wọn ni àwọn ọmọ omi dì mọ́, wọn kò sì fi àyè sílẹ̀ fún àlejò.

Ìdè kejì ni ìdè àjọni, tí Gilbert Lewis, ará Amẹ́ríkà, là yé ayé ní ọdún 1916. Níhìn-ín kò sí ẹni tí ó tọrẹ. Àwọn méjèèjì jọ ni ẹlẹ́kitírọ́ọ̀nù méjì, bí ọmọ ìyá méjì ti í jọ ni oko. Ní ọdún 1797 ni Smithson Tennant, ará Gẹ̀ẹ́sì, sun dáyámọ́ńdì níná, tí ó fi hàn pé kábọ̀nù ni, ohun kan náà tí ó wà nínú lẹ́ẹ̀dì ìkọ̀wé. Nínú dáyámọ́ńdì, kábọ̀nù kọ̀ọ̀kan di mẹ́rin mú yíká. Nínú lẹ́ẹ̀dì, mẹ́ta ni ó dì mú, ní pẹrẹsẹ, ìpele sì sùn lórí ìpele bí ewé ìwé, wọ́n ń yọ̀ sórí tákàdá wa. Ọ̀kan ń gé dígí, èkejì ń bà wá ní ìka jẹ́. Ìdè nìkan ni ó yàtọ̀.

Ìdè kẹta ni ti alágbẹ̀dẹ. Nínú irin, ẹlẹ́kitírọ́ọ̀nù tí ó wà ní òde dà bí ilẹ̀ ẹbí: ti gbogbo wọn ni, kì í ṣe ti ẹnì kan. Ẹ fi òòlù lu hóró iyọ̀, àwọn tí ó jọra yóò kọjú sí ara wọn, wọn yóò ti ara wọn, iyọ̀ yóò sì fọ́. Ẹ lu irin, átọ́ọ̀mù yóò ṣípò, ilẹ̀ ẹbí yóò sì dì wọ́n mú síbẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ọkọ́ fi ṣe é rọ. Àwọn orí tí a hú jáde ní agbolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1938, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ idẹ, èyíinì ni bàbà tí a pò mọ́ síǹkì. Átọ́ọ̀mù àlejò tí ìwọ̀n rẹ̀ yàtọ̀ kì í jẹ́ kí ti onílé yọ̀ bọ̀rọ̀, nítorí náà ni idẹ fi le ju bàbà lọ.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò dìde ní ìpàdé wa láti wí pé àwọn baba wa ti mọ gbogbo èyí kí òyìnbó tó dé. Ẹ má jẹ́ kí a tan ara wa jẹ. Ìyá mi se ọṣẹ dúdú. Ó mọ̀ bí omi eérú ti í kan tó àti bí àdín ti í pọ̀ tó, n kò sì tíì rí ọṣẹ tí ó dára ju tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá bi í pé èéṣe tí epo tí omi kọ̀ fi wá di ohun tí ń kó ìdọ̀tí sínú omi, èsì rẹ̀ ni, “Bí a ti bá a nìyẹn.” Ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n, kò sí ẹni tí ó sọ ìdí rẹ̀ fún un. Ìdí náà ni pé ìpẹ̀kun kan ọṣẹ dà bí iyọ̀, ó di omi mú. Ìpẹ̀kun kejì dà bí epo, ó di epo mú. Ẹni tí ó bá mọ èyí ni yóò mọ ìdí tí ọṣẹ eérú fi ń rọ̀, nítorí pòtásíọ̀mù ni ó wà nínú eérú, àti ìdí tí sódíọ̀mù fi ń mú ọṣẹ le.

Ní ti èdè, a ti dán an wò. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, títí kan ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, èdè Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì bàjẹ́ nítorí rẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan ń bá mi jà pé “ìsopọ̀” ni kí a máa wí, kì í ṣe “ìdè”, nítorí pé ìdè ń rán ni létí ẹlẹ́wọ̀n. Èmi fẹ́ ìdè, nítorí pé a máa ń tú u, a sì máa ń tún un dì, ohun tí iná ìdáná ń ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn.

Mo bẹ ẹ̀yin ìjòyè kí ẹ bá wa sọ fún àwọn alágbẹ̀dẹ àti àwọn ọlọ́ṣẹ àdúgbò yín pé kí wọ́n gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa láàyè nínú agbo iṣẹ́ wọn. Ní tèmi, èmi yóò gbé ìkòkò, eérú àti àdín wọ kíláàsì. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó wo òrùlé nì ni yóò sì ro ọṣẹ náà.