Nọ́ńbà Ara Alùpùpù Àtijọ́: Bí A Ti Ń Wá A àti Bí A Ti Ń Kà Á

Ọ̀rọ̀ alùpùpù ni mo mú wá lónìí. Kì í ṣe ti àwọn tuntun tí ń sáré kiri ojú títì ni mo fẹ́ sọ, bí kò ṣe ti àwọn àgbà alùpùpù tí wọ́n jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, tí adìyẹ ń yé ẹyin sábẹ́ wọn.

Olùkọ́ kan tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí tèmi ni ó wá bá mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Kò tíì jókòó tán tí ó fi ní, “Ẹ̀gbọ́n, wọ́n fẹ́ gba alùpùpù bàbá mi lọ́wọ́ mi.” Bàbá rẹ̀ kú, ó fi Honda CG125 kan tí ó rà ní 1979 sílẹ̀. Ọmọ fẹ́ tún un ṣe kí ó lè máa gùn ún lọ sí ilé ìwé. Àfi bí àbúrò bàbá rẹ̀ ṣe dìde, tí ó ní òun ni òun ni ín. Ó ní òun àti olóògbé ra tiwọn ní ọdún kan náà, pé ti olóògbé ni ó bàjẹ́, èyí tí ó kù yìí ni ti òun. Ẹ̀rí rẹ̀ ni pé nọ́ńbà tí ó wà lára ẹ́ńjìnnì kò bá èyí tí ó wà nínú ìwé olóògbé mu. Bàbá yìí kò purọ́ níbẹ̀ o, wọn kò bá ara wọn mu lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ náà sì ti ń lọ sí ọ̀dọ̀ mọ́gàjí.

Mo ní kí a kọ́kọ́ lọ wo alùpùpù náà fúnra wa.

Ẹ jẹ́ kí ó yé yín pé alùpùpù kì í ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ẹ má ka ti ìjọba tí a so mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ sí, nítorí pé sípánà kan ṣoṣo lè yí ìyẹn padà lóru. Ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é ni ó lu méjì sára irin: ọ̀kan wà lára ṣásì, ìyẹn egungun tí gbogbo rẹ̀ dúró lé, èkejì wà lára ẹ́ńjìnnì. Ti ṣásì ni orúkọ alùpùpù gan-an. Ẹ́ńjìnnì lè kú kí a fi òmíràn sí i, bí ìgbà tí a pààrọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ tí tábìlì rẹ̀ kò yí padà.

Bí ẹ bá fẹ́ rí ti ṣásì, ẹ yí ọwọ́ alùpùpù sí ẹ̀gbẹ́ kan pátápátá, kí ẹ wo irin ọrùn tí ó wà lẹ́yìn iná iwájú. Ọ̀pọ̀ alùpùpù ni ó jẹ́ pé ibẹ̀ ni ó wà. Ti ẹ́ńjìnnì sábà máa ń wà nísàlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdọ̀tí ogójì ọdún kì í jẹ́ kí a rí nǹkan kan. Ẹ fi epo òyìnbó àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó fọ̀ ọ́, kí ẹ fi àkísà nù ún. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi fáìlì tàbí sáńpépà kàn án. Ẹni tí ó bá rí ojú ibi tí ẹ ha, olè ni yóò pè yín, ẹ kò sì ní rí ẹnu fọhùn. Nígbà tí ó bá gbẹ, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì ra orí rẹ̀, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́. Àwọn nọ́ńbà yóò là kedere. Ẹ̀yin olùkọ́ tilẹ̀ lè tẹ́ pépà lé e, kí ẹ fi pẹ́ńsù pa á, yóò jáde sórí pépà gẹ́gẹ́ bí ó ti wà.

Báyìí ni a ṣe. Ní ọrùn, a rí CG125 àti àwọn nọ́ńbà tí ó tẹ̀lé e. Lára ẹ́ńjìnnì, a rí CG125E àti nọ́ńbà mìíràn. Lẹ́tà E yẹn ni Honda fi ń sọ pé ti ẹ́ńjìnnì ni èyí. Nọ́ńbà méjèèjì kò ní láti jẹ́ ọ̀kan náà. Vespa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: bí ti ṣásì bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú VNB1T, ti ẹ́ńjìnnì a máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú VNB1M.

Àmọ́ ẹ má fi òfin ilé kan ṣe ìdájọ́ ilé kejì. Triumph tí wọ́n ń ṣe ní Meriden ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nọ́ńbà kan náà ni wọ́n ń lù sí méjèèjì. Bí wọ́n bá yàtọ̀, ẹ mọ̀ pé a ti pààrọ̀ nǹkan. Harley-Davidson ti Amẹ́ríkà kò tilẹ̀ lu nọ́ńbà sí ṣásì rárá títí di 1969. Ẹ́ńjìnnì nìkan ni ó ní, nọ́ńbà méjì tí ó sì ṣáájú níbẹ̀ ni ọdún rẹ̀, bí 48 fún 1948.

Triumph yìí ní ọgbọ́n kan tí mo fẹ́ràn. Láti ìgbà àwọn ti 1969 ni wọ́n ti ń fi lẹ́tà méjì ṣáájú nọ́ńbà. Ti àkọ́kọ́ ni oṣù: A ni oṣù kìíní, B èkejì, wọ́n sì fo àwọn lẹ́tà kan títí ó fi kan N fún oṣù kẹwàá, P fún ìkọkànlá àti X fún èyí tí ó kẹ́yìn ọdún. Lẹ́tà kejì ni ọdún: C ni 1969, D ni 1970, E ni 1971, G ni 1972. Ẹni tí ó bá rí ND yóò sọ pé oṣù kẹwàá 1970. Ó ti ṣì í! Oṣù kẹjọ ni ọdún tiwọn ń bẹ̀rẹ̀, nítorí náà oṣù kẹwàá 1969 ni. Wọ́n tún ń tẹ àmì Triumph kéékèèké sí ojú ibi tí nọ́ńbà wà. Bí ibẹ̀ bá ń dán láìsí àmì náà, a ti fi fáìlì gé e.

Àwọn tí wọ́n ṣe láti 1981 fún ọjà Amẹ́ríkà ní nọ́ńbà àti lẹ́tà mẹ́tàdínlógún. Nínú irú èyí, a kì í lo I, O tàbí Q, kí a má baà ṣì wọ́n pè ní ení tàbí òdo. J tí ó bá ṣáájú, Japan ni. Ti àtijọ́ kéré sí mẹ́tàdínlógún, ẹ má sọ pé ó pé tàbí kò pé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra àlòkù, ẹ wò bóyá àwọn nọ́ńbà náà tò lẹ́sẹẹsẹ, bóyá ọ̀kan jìn ju èkejì lọ, bóyá ọ̀dà ọrùn tuntun ju ti ara tó kù lọ. Bí ẹni kan tilẹ̀ ha á dànù, áàsìdì àwọn onímọ̀ tí ń bá ọlọ́pàá ṣiṣẹ́ lè mú un jáde padà, nítorí pé lílù tí a lù ú wọ inú irin kọjá ibi tí ojú rí.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ọ̀dọ̀ tiwa. Nínú ìwé olóògbé, nọ́ńbà ṣásì bá ti ọrùn mu láìku ẹyọ kan. Ti ẹ́ńjìnnì ni kò bá a mu. Ọmọ ti ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo bẹ bàbá pé kí wọ́n jọ̀wọ́ mú ìwé tiwọn náà wá. Ó pẹ́ kí wọ́n tó rí i nísàlẹ̀ àpótí. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì tí ó wà níbẹ̀ ni ó wà lára alùpùpù yìí!

Gbogbo ilé dákẹ́. Ìyá arúgbó ni ó wá rántí pé nígbà tí alùpùpù àbúrò forí sọ igi, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gba ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sára tirẹ̀ tí ó ti kú. Bàbá ti gbàgbé bí ó ṣe lọ. Ohun tí ó kù lọ́kàn rẹ̀ ni pé nǹkan òun wà lára alùpùpù yẹn.

Mo sọ fún olùkọ́ pé kí ó kó ìwé méjèèjì lọ sí ọ́fíìsì ìwé ọkọ̀, kí wọ́n kọ ìpààrọ̀ ẹ́ńjìnnì náà sílẹ̀, kí ọlọ́pàá má baà dá a dúró lọ́jọ́ kan. Ó bi bàbá rẹ̀ kékeré pé èló ni kí òun san. Bàbá ní òun kò gba kọ́bọ̀. Kí ó máa gbé òun lọ sí oko ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta.