Ẹkún Ọ̀wọ̀ níwájú adájọ́

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Òwe yìí kò ní kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ gbé ẹkún rẹ̀ mì; ó gbà pé ẹkún tọ́, ṣùgbọ́n ó ń rọ ẹni tí ń sunkún pé kó má ṣe jẹ́ kí omi ojú dí òun lójú débi tí kò ní í rí ohun tó wà níwájú rẹ̀. Nínú àwọn àjálù tó ti dé bá ilẹ̀ Yorùbá láyé òde òní, agbára káká ni a fi lè rí èyí tó nílò òwe yìí tó ikú tó ya wọ ìlú Ọ̀wọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó.

Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2022, tí í ṣe ọjọ́ Ìsinmi Pẹ́ńtíkọ́sì, ìyẹn ọjọ́ tí àwọn Kristẹni fi ń ṣèrántí bí Ẹ̀mí Mímọ́ ṣe bà lé àwọn àpọ́sítélì, àwọn agbébọn kọlu ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì St. Francis Xavier, wọ́n yìnbọn lu àwọn olùjọ́sìn, wọ́n sì ju àdó olóró sáàárín wọn. Ó kéré tán, ènìyàn 40 ló kú, tọmọdé tàgbà, àwọn tó fara gbọgbẹ́ sì pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Omi ojú kò tíì gbẹ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń nàka sí àwọn darandaran Fúlàní lápapọ̀. Ìfura náà kò ṣàdédé wáyé, nítorí láti oṣù Kìíní ọdún 2021, nígbà tí Rotimi Akeredolu, gómìnà Ìpínlẹ̀ Òǹdó nígbà náà, fún àwọn darandaran tó ń gbé inú igbó ọba láìgbàṣẹ ní ọjọ́ méje láti kó jáde, ni ọ̀rọ̀ náà ti gbóná. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin tí ìkọlù náà ṣẹlẹ̀, Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé nígbà náà, kéde pé ISWAP ni ìjọba fura sí, ìyẹn ẹgbẹ́ agbésùnmọ̀mí tó ya kúrò lára Boko Haram tó sì fìdí kalẹ̀ sí agbègbè Adágún Chad. Ṣùgbọ́n nígbà tí àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ DSS wá gbé afurasí márùn-ún dé Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Abuja ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹjọ ọdún 2025, ohun tí ìwé ẹ̀sùn sọ ni pé ọmọ ẹgbẹ́ Al-Shabaab ni wọ́n, ẹgbẹ́ tí orírun rẹ̀ jẹ́ Sòmálíà, àti pé Ìpínlẹ̀ Kogí ni wọ́n fi ṣe ibùba. Bí ìka tí a nà ṣe ń yí kiri nìyí. Bí àwọn tí inú ń bí bá ti fi àdá àti iná tẹ̀ lé ìtọ́ka àkọ́kọ́, ta ni ì bá dá ẹ̀mí aláìṣẹ̀ padà? Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé, kí ọba tó gé e ló sì gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n.

Àwọn márààrún sọ pé àwọn kò jẹ̀bi ẹ̀sùn mẹ́sàn-án tí wọ́n kà sí wọn lọ́rùn, wọ́n sì ní agbẹjọ́rò. Ó máa ń dun òbí tó sin ọmọ láti gbọ́ irú èyí, ìrora náà sì yé ènìyàn. Síbẹ̀, agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá ni àwọn àgbà ń pè ní àgbà òṣìkà. Abala 36 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 sọ ọ́ kedere pé aláìṣẹ̀ ni olùjẹ́jọ́ lójú òfin títí ẹ̀rí yóò fi dá a lẹ́bi. Ọ̀rọ̀ yìí wúwo gan-an níhìn-ín, nítorí ikú ni òfin ìgbésùnmọ̀mí ti ọdún 2022 là sílẹ̀ fún ẹni tí ìwà rẹ̀ bá la ẹ̀mí lọ, kò sì sí ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó lè jí òkú. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, Adájọ́ Emeka Nwite kọ̀ láti fún wọn ní béèlì, ìyẹn àǹfààní kí olùjẹ́jọ́ máa ti ilé wá jẹ́jọ́; ìyẹn náà kò túmọ̀ sí pé wọ́n ti jẹ̀bi.

Fífara balẹ̀ gbẹ́jọ́ yàtọ̀ pátápátá sí fífi ẹjọ́ falẹ̀. Oṣù Kẹjọ ọdún 2022 ni Ọ̀gágun Lucky Irabor, tó jẹ́ olórí àwọn ológun nígbà náà, ti kéde pé ọwọ́ ti tẹ àwọn kan lórí ọ̀ràn Ọ̀wọ̀. Ọdún mẹ́ta gbáko ló kọjá kí ẹnikẹ́ni tó dúró níwájú adájọ́ yìí, bẹ́ẹ̀ òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti ọdún 2015 ní kí a máa gbọ́ ẹjọ́ láti ọjọ́ dé ọjọ́ bí olùjẹ́jọ́ bá ti fara hàn. Láàárín ọdún mẹ́ta, ẹlẹ́rìí lè kú, ẹlòmíràn lè ṣí kúrò nílùú, ohun tí ojú rí sì lè di àlá lọ́kàn ẹni tó rí i. A kò lè pe irú ìdádúró bẹ́ẹ̀ ní sùúrù.

Ohun mìíràn tún wà tí ìjọba kò kà sí. Abuja ni ẹjọ́ náà wà, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀ka Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ wà ní Àkúrẹ́, tí kò jìnnà sí Ọ̀wọ̀. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ ààbò wà nídìí rẹ̀, òfin sì fàyè gba kí a fi orúkọ àti ojú ẹlẹ́rìí pa mọ́ nínú ẹjọ́ ìgbésùnmọ̀mí. Àmọ́ opó tí kò ní owó ọkọ̀, àti ẹni tí ìkọlù náà sọ di aláàbọ̀ ara, kò lè máa rin ìrìn àjò wákàtí púpọ̀ lọ wo bí a ṣe ń gbọ́ ẹjọ́ òkú wọn. Ó kéré tán, ó yẹ kí ìjọba yan ẹni tí yóò máa wá sí Ọ̀wọ̀ lẹ́yìn ìjókòó kọ̀ọ̀kan, tí yóò fi èdè Yorùbá ṣàlàyé ohun tí òfin gbà kí aráàlú gbọ́ fún àwọn ìdílé náà, tí yóò sì dúró dá wọn lóhùn bí wọ́n bá bi í léèrè.