Ìtò Gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì àti Èdè Abínibí

Ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan, ọmọ tí ó bá sọ Yorùbá a máa san owó ìtanràn, nítorí wọ́n gbà pé èdè ilé ni ó ń ba Gẹ̀ẹ́sì jẹ́. Èrò yìí kò tọ̀nà. Ọ̀rọ̀ dà bí ìlẹ̀kẹ̀: bí kò bá sí okùn tí a fi sín in, kì í di ọ̀ṣọ́. Ìtò gbólóhùn ni okùn náà. Nínú “Ade bought a book”, olùwà ṣáájú, ọ̀rọ̀-ìṣe tẹ̀ lé e, àbọ̀ sì kẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni “Adé ra ìwé” ti rí. Ṣùgbọ́n nínú “Adé ga”, “ga” fúnra rẹ̀ ni ọ̀rọ̀-ìṣe. Gẹ̀ẹ́sì kò gba irú èyí, àfi kí “is” wà láàárín: “Ade is tall”. Ibi tí ọ̀nà ti yà yìí ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìnà. Ẹni tí ó bá mọ ìtò èdè rẹ̀ dájú ni yóò tètè rí ibi ìyàtọ̀ náà. Ìtanràn kò lè kọ́ ọmọ ní èyí; àfiwé ni ó lè kọ́ ọ. Ilé ni a sáà ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.