“Gba kóòtù lọ”: kóòtù ta ni?

Ẹ̀yin èèyàn mi, gbólóhùn kan wà tó máa ń bí mi nínú ní Nàìjíríà yìí: “Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, gba kóòtù lọ.” Olóṣèlú ń sọ ọ́. Onílé ń sọ ọ́ fún ayálégbé. Ẹni tó gba ilẹ̀ onílẹ̀ ń fẹ̀rín sọ ọ́. Ẹ jẹ́ n sọ ìdí tó fi ń rẹ́rìn-ín.

Kóòtù wa dà bí àkàbà. Kọ́kọ́-kọ́kọ́ àti Májísíréètì wà nísàlẹ̀, ilé ẹjọ́ gíga tẹ̀ lé wọn, lẹ́yìn náà kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, kó tó wá kan ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ l’Ábújá. Èmi ò bá àkàbà jà o. Èèyàn ni adájọ́, ó lè ṣì í, ó yẹ kí ẹnì kan wà lókè tó máa tún un wò.

Àmọ́ wọ́n lè gun àkàbà yẹn nígbà tí ẹjọ́ ò tíì parí nísàlẹ̀. Lọ́yà ẹni tó gba ilẹ̀ á dìde, á ní, “Olúwa mi, kóòtù yìí ò láṣẹ láti gbọ́ ẹjọ́ yìí.” Adájọ́ á ní òun láṣẹ. Lọ́yà á gbé ìyẹn nìkan lọ sí kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, á tún gbé e dé Ábújá. Ọdún ń gorí ọdún, ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ò tíì lanu sọ ẹni tó ni ilẹ̀.

Àwọn lọ́yà mọ ẹjọ́ Ariori àti Elemo dáadáa. 1960 ni wọ́n pè é. Ó di 1983 kí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tó sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀. Ẹ mọ ohun tí wọ́n sọ? Pé ó ti pẹ́ jù lọ́wọ́ adájọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ, kí wọ́n lọ tún un gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún 23!

Ó wá kan àwọn olóṣèlú. Ẹjọ́ ìdìbò 2007: oṣù kẹwàá 2010 ni Fayemi tó gba Èkìtì, oṣù kọkànlá ọdún yẹn ni Aregbesola gba Ọ̀ṣun. Ó lé lọ́dún mẹ́ta. Ó dùn wọ́n, wọ́n sì tún ìwé òfin ṣe. Lónìí, tíríbúnà ìdìbò gbọ́dọ̀ dájọ́ láàárín ọjọ́ 180. Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní ọjọ́ 60, Ábújá ní 60. Ìdájọ́ tó bá kọjá ọjọ́ yẹn, òfo ni.

Ìwọ ńkọ́? Òfin ní kí adájọ́ dájọ́ láàárín ọjọ́ 90 tí àwọn lọ́yà bá ti sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Kí wọ́n tó dé ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ńkọ́? Kò sí gbèdéke. Bí adájọ́ bá sì kọjá ọjọ́ 90, pípẹ́ yẹn nìkan ò sọ ìdájọ́ ẹ̀ di òfo. Ìwé òfin kan náà o!

Ẹ tún wá wo èyí: àwọn adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga yìí kan náà ni wọ́n ń kó lọ jókòó ní tíríbúnà. Tí wọ́n bá ti lọ, ẹjọ́ tìẹ á sùn.

Àwọn kan á ní ti ìdìbò yàtọ̀, pé sáà ọdún mẹ́rin ń lọ. Òótọ́ ni. Ìyá arúgbó tí wọ́n gba ilẹ̀ bàbá ẹ̀, òun náà ò wá ní sáà ni?

Ohun tí mo ń béèrè ò le. Ẹ fi gbèdéke sí ẹjọ́ ilẹ̀ àti ti ilé gbígbé. Ọ̀rọ̀ “kóòtù ò láṣẹ” yẹn, kó dúró kí ẹjọ́ gan-an parí, ká gbé gbogbo ẹ̀ lọ sókè lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má sọ fún mi pé ìwé òfin ṣòro tún ṣe, a ti rí i tí wọ́n tún un ṣe nígbà tí ọ̀rọ̀ kan àwọn fúnra wọn. Ẹ bá mi táàgì aṣòfin àdúgbò yín síbí, ká gbọ́ tẹnu ẹ̀.