Láti Ọjà Ọba Dé Mars: Ta Ló Máa Tọ́jú Ilé?

Lọ́jọ́ 29, oṣù kẹfà, ọdún 2025, lariwo ta pé ọmọ Yorùbá ti dé gbalasa òfuurufú. Lọ́yà Owólabí Salis, tó du ipò gómìnà Èkó lọ́dún 2019, wà lára àwọn mẹ́fà tí rọ́kẹ́ẹ̀tì iléeṣẹ́ Blue Origin gbé fò láti Texas, l'Amẹ́ríkà. Ó lọ, ó sì bọ̀ láyọ̀. Àmọ́ àtilọ àtibọ̀ ọ̀hún, bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni.

Ibi tó dé ńkọ́? Díẹ̀ ló fi lé ní ọgọ́rùn-ún kìlómítà sókè. Ẹni tó wọ mọ́tò ní Ọjà Ọba, l'Òṣogbo, tó lọ bọ́ọ́lẹ̀ n'Ìbàdàn, fẹ́rẹ̀ẹ́ rìn tó bẹ́ẹ̀. Tọkùnrin náà ṣáà lọ sókè ni.

Ká wá ní dẹrẹ́bà kan gbéra ní Ọjà Ọba yìí, tó ń sá ọgọ́rùn-ún kìlómítà ní wákàtí kan, tí kò dúró jẹun, tí ọlọ́pàá kankan ò sì nawọ́ dá a dúró (irú ẹ̀ ṣọ̀wọ́n!), oṣù márùn-ún ó lé ló máa fi dé òṣùpá. Tó bá lóun fẹ́ dé ọ̀dọ̀ oòrùn, ó di bí ọdún 170. Ọmọ-ọmọ ẹ̀ gan-an lè má débẹ̀.

Rọ́kẹ́ẹ̀tì yá ju mọ́tò lọ, òótọ́ ni. Àwọn ará Amẹ́ríkà tó gbéra lọ́jọ́ 16, oṣù keje, 1969, ọjọ́ 20 ni wọ́n balẹ̀ sórí òṣùpá. Àmọ́ ẹ wo Voyager 1, ẹ̀rọ tí kò gbé èèyàn kankan, tí wọ́n rán jáde lóṣù kẹsàn-án 1977, lọ́dún tí wọ́n ṣe FESTAC l'Ékòó. Ó ń sá ju 60,000 kìlómítà lọ ní wákàtí kan, kò sì dúró di òní. Síbẹ̀, ká ní ìràwọ̀ tó sún mọ́ oòrùn wa jù ló dojú kọ, bí ọdún 75,000 ló máa gbà á. Ta ló fẹ́ dúró dè é?

Mars ni wọ́n wá ń pariwo ẹ̀ báyìí, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ sì ti kan ìdílé. Bí oṣù méje ni àtilọ. Ẹni tó bá débẹ̀ ò kàn lè ṣẹ́rí padà bó ṣe wù ú, torí ilé ayé àti Mars, kálukú ló ń yí oòrùn po ní tiẹ̀, bí oṣù mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló sì máa ń kọjá kí ọ̀nà tó tún là. Àtilọ àtibọ̀ á tó ọdún mẹ́ta. Ọmọ ọwọ́ tí bàbá fi sílẹ̀ á ti máa sáré kiri, ó sì lè ti máa pe ẹlòmíì ní dádì!

Lọ́dún 2016, mínísítà ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì nígbà náà, Dókítà Ogbonnaya Onu, tó ti dolóògbé báyìí, sọ pé Nàìjíríà máa rán èèyàn lọ sí gbalasa òfuurufú tó bá fi máa di 2030. Kò burú. Àmọ́ kí wọ́n tó mú ẹnikẹ́ni, kí wọ́n kọ́kọ́ bi ìyàwó ẹ̀ léèrè.

Torí tí ìyàwó bá wà ní Ọjà Ọba, tó pe ọkọ ẹ̀ ní Mars pé, "Bàbá Ṣadé, owó oúnjẹ ti tán o," nígbà tí Mars bá jìnnà sí wa jù, ohùn ẹ̀ á lo nǹkan bí ìṣẹ́jú méjìlélógún kó tó débẹ̀. Èsì náà á tún lo iye kan náà. Ọkọ tó bá sì mọ̀-ọ́n-mọ̀ dákẹ́, á ní Mars ló jìnnà.