Ẹ Tú U Lókùn: Ẹ̀bẹ̀ Nítorí Ẹṣin àti Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ Tí Ń Ṣiṣẹ́ Fún Wa

Ẹ̀yin alága ìjọba ìbílẹ̀, ẹ̀yin ìjòyè, ẹ̀yin tí ẹ ní ẹṣin, àti ẹ̀yin tí ẹ ń sanwó gun ẹṣin létí òkun, ẹ̀yin ni mo kọ ìwé yìí sí. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò le. Mo fẹ́ kí òfin wà tí yóò sọ iye wákàtí tí ẹṣin lè fi ṣiṣẹ́ lójúmọ́, ìwọ̀n ẹrù tí a lè gbé lé e lẹ́yìn, àti àkókò tí a gbọ́dọ̀ tú u sílẹ̀ kó máa rìn bó ṣe wù ú, kó máa jẹko. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà sí, òun gan-an sì ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀. Iṣẹ́ nìkan kọ́ ló ń pa ẹṣin. Ohun tó ń pa á ni kí a so ó mọ́lẹ̀ láìjẹ láìrìn, ká wá tú u lójijì, ká lé e ní eré àsápajúdé.

Ẹṣin kì í ṣe màlúù. Màlúù á jẹko yó, á dùbúlẹ̀, á máa jẹ àpọ̀jẹ. Ikùn ẹṣin kéré sí ara rẹ̀, kì í gbà ju nǹkan bíi lítà 8 sí 15 lọ, omi kíkan inú rẹ̀ sì ń sun tọ̀sán-tòru, yálà ó jẹun tàbí kò jẹ. Ìdí nìyí tí ẹṣin tó wà lómìnira fi ń jẹko díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí 14 sí 16 lójúmọ́: á gbẹ́sẹ̀ kan, á já koríko, á tún gbẹ́sẹ̀ mìíràn. Itọ́ tó ń dà bó ṣe ń jẹun ló ń rọ kíkan náà lójú. Bí a bá so ó mọ́gi láàárọ̀ láìsí koríko níwájú rẹ̀ títí di ọ̀sán, omi kíkan á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ara ikùn fúnra rẹ̀, egbò inú nìyẹn. Ẹṣin kò sì lè bì. Ohunkóhun tó bá há sí i nínú, inú rírun ló ń dà, inú rírun sì wà lára ohun tó ń pa ẹṣin jù lọ ní gbogbo ayé.

Pátákò rẹ̀ náà, ìrìn ló fi ń yè. Bó ṣe ń tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ ni àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ń fún ẹ̀jẹ̀ padà sókè. Ẹṣin tó dúró sójú kan láti ìdájí di alẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ á wú. Ti oorun ńkọ́? A máa ń sọ pé ẹṣin ń sùn ní ìdúró. Lóòótọ́ ó ń tòògbé ní ìdúró, ṣùgbọ́n oorun àsùnwọra kò ṣeé ṣe fún un àfi tó bá dùbúlẹ̀, kì í sì í dùbúlẹ̀ níbi tí ọkàn rẹ̀ kò bá ti balẹ̀. Ẹṣin tí okùn ọrùn rẹ̀ kúrú, tó wà lórí kọnkéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tí ọkọ̀ ti ń fọn fèrè mọ́jú, ìgbà wo ló fẹ́ sùn?

Ẹ jẹ́ ká dé etí òkun ní Èkó ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan. Iyanrìn gbóná débi pé àwọn ọmọdé ń fò bí wọ́n ṣe ń rìn lórí rẹ̀. Ẹṣin pupa kan wà níbẹ̀ tí mo dúró tì. Nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń fà á gbé etí gàárì sókè láti lé eṣinṣin, mo rí egbò lórí eegun ẹ̀yìn rẹ̀, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé, àpò ìrẹsì tí wọ́n ká ni wọ́n fi tẹ́ ẹ kí gàárì má baà rà á mọ́lẹ̀. Ìfófòó ti gbẹ mọ́ irin ìjánu. Mo fi ìka méjì fún awọ ọrùn rẹ̀, mo sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Awọ ẹṣin tó mu omi yó á padà sí àyè rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Tirẹ̀ dúró ní kíká fún ìgbà díẹ̀ kó tó rọra padà. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, òkun ńlá wà níwájú rẹ̀, kò sì sí ẹ̀kán omi tó ṣeé mu níbẹ̀. Ẹṣin ń mu tó lítà 25 sí 50 lójúmọ́, ó sì ń fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tó bá ń làágùn nínú oòrùn. Kí a tó kúrò níbẹ̀, ọkùnrin kan tó sanra dáadáa ti gun orí rẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń ya fọ́tò.

Mi ò dá ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń fa ẹṣin náà lẹ́bi. Òun náà wà nínú oòrùn yẹn láti àárọ̀. Níbi tí olùfàṣin bá ti gbọ́dọ̀ kó iye kan fún ẹni tó ni ẹṣin lálaalẹ́ kí òun tó rí tirẹ̀ mú, kò sí bí kò ṣe ní máa wá oníbàárà kan sí i, àti òmíràn lẹ́yìn ìyẹn. Ètò owó náà ló ń na ẹṣin ní pàṣán. Ẹni tó bá fẹ́ tún ọ̀rọ̀ yìí ṣe, kó lọ bá ẹni tó ń gba owó nílé.

Kò sì jìnnà sí etí òkun yẹn tí wọ́n ti mọ bó ṣe yẹ kí wọ́n tọ́jú ẹṣin. Ẹgbẹ́ pólò Èkó ti wà láti ọdún 1904. Nínú pólò, ìṣẹ́jú 7 péré ni apá kan eré fi ń lọ, tó bá parí, elẹ́ṣin á sọ̀ kalẹ̀, á gun òmíràn, wọ́n á sì mú èyí tó sáré lọ síbi tí yóò ti sinmi. Ẹṣin kan kì í sábà ṣe ju apá méjì lọ nínú ìdíje kan. Ara ẹṣin olówó àti ara ẹṣin etí òkun, ọ̀kan náà ni.

Ó tún yẹ ká rántí pé àlejò ni ẹṣin nílẹ̀ wa. Ọ̀yọ́ Ilé fi àwọn ẹlẹ́ṣin jagun, ó fi wọ́n di ìjọba ńlá, ṣùgbọ́n òkè ọ̀hún, láti ilẹ̀ Hausa àti Nupe, ni wọ́n ti ń ra ọ̀pọ̀ ẹṣin. Eṣinṣin irù tó wà nínú igbó ń gbin àrùn sí ẹṣin lẹ́jẹ̀, òun ni kò jẹ́ kí ẹṣin pọ̀ ní ìsàlẹ̀. Irù kò tíì kú. Ẹṣin tí a kó wá láti ilẹ̀ ọ̀dàn gbígbẹ sí ilẹ̀ ọ̀rinrin nílò dókítà ẹranko tí yóò máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

Mo fẹ́ràn ọdún Ojúde Ọba. Ní ọjọ́ kẹta Iléyá, nígbà tí ìdílé àwọn Balógun àti Ẹlẹ́ṣin bá ń gun ẹṣin wọlé ní Ìjẹ̀bú-Òde, inú mi a máa dùn, ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí dé etí wọn. Ẹṣin tó bá lo oṣù mélòó kan nínú ilé tóóró, tí a ń fún ní ọkà bàbà dáadáa ṣùgbọ́n tí kò rìn, tí a wá fà jáde lọ́jọ́ kan ṣoṣo kó máa jó, kó máa fò, iṣan rẹ̀ lè gan lójijì. Àwọn dókítà ẹranko mọ àìsàn yìí: ẹṣin á le koránkorán, á làágùn, ìtọ̀ rẹ̀ á dúdú, ó sì lè kú. Ìdènà rẹ̀ kò wọ́n. Kí wọ́n máa mú un rìn lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú ọdún, kí omi wà ní ojú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọjá, kí ìbòòji wà níbi tí wọ́n ti ń dúró de ìdílé mìíràn, kí ìbọn má dún lẹ́bàá etí ẹṣin. Ọdún á ṣì dùn.

Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kò pọ̀ ní ìlú wa, ṣùgbọ́n lókè ọ̀hún, ní Sókótó, Kẹ̀bí àti Kàtsínà, òun ló ń ru omi, igi ìdáná àti ọkà. Ìṣòro tirẹ̀ ni pé kì í fi ìrora hàn. Ẹṣin á ta ìpá, á yán. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ á dákẹ́, á máa lọ títí yóò fi ṣubú, àwọn ènìyàn á sì máa pe ìdákẹ́jẹ́ yẹn ní agbára. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, ní Addis Ababa, àwọn olórí orílẹ̀-èdè Áfíríkà fẹnu kò pé kí pípa kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ nítorí awọ dáwọ́ dúró fún ọdún 15. Awọ náà ni wọ́n ń sè ní Ṣáínà tí wọ́n fi ń ṣe oògùn ejiao. Ìpinnu rere ni. Ṣùgbọ́n ẹran tí a gbà lọ́wọ́ ọ̀bẹ ṣì wà lábẹ́ ẹrù, ìpinnu náà kò sì kan ìyẹn.

Òfin tí a ní kò tó. Abala 495 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn ti gúúsù Nàìjíríà ka gígun ẹran ní àgùnjù, lílé e ní àléjù àti dídi ẹrù rù ú kọjá agbára sí ẹ̀ṣẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ìjìyà rẹ̀ ni ẹ̀wọ̀n oṣù 6 tàbí owó ìtanràn 50 náírà, tàbí méjèèjì. Owó tí kò tó nǹkan nìyẹn! Kò sì sọ iye kìlò tàbí iye wákàtí, nítorí náà kò sí ọlọ́pàá tó lè dúró létí òkun kó sọ pé ó ti tó.

Àwọn ibòmíràn ti ṣe é. Ní ọdún 1822, aṣòfin kan tó ń jẹ́ Richard Martin mú kí ilé aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣòfin tó dáàbò bo màlúù, ẹṣin àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, wọ́n sì fi í ṣe ẹlẹ́yà nígbà náà. Ní Blackpool, létí òkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí àwọn ọmọdé ń gùn kì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ṣáájú aago 10 àárọ̀, kì í kọjá aago 7 alẹ́, ó ní wákàtí kan fún oúnjẹ ọ̀sán, kì í sì í ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ Ẹtì. Òwò náà kò kú. Ní ọdún 2018, ìjọba ilẹ̀ Gíríìsì pàṣẹ pé ẹrù ẹ̀yìn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kò gbọdọ̀ ju 100 kìlò tàbí ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ, nítorí àwọn àlejò erékùṣù Santorini.

Ìdá kan nínú márùn-ún yìí ni ká mú. Bí ẹṣin bá wọn 300 kìlò, ohun tó lè rù jẹ́ 60 kìlò, gàárì sì wà nínú rẹ̀. Àwọn olówò á ní àgbà ọkùnrin ló ń sanwó jù. Ẹni tó wúwo jù lè fa ìjánu ẹṣin, kó rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó ya fọ́tò rẹ̀, kó sì sanwó fún un.

Àwọn mìíràn á bi mí pé, nígbà tí ènìyàn kò tíì rí jẹ, kí ló kàn wá pẹ̀lú ẹṣin? Ìbéèrè gidi ni, ẹni tí ebi ń pa ló sì lẹ́tọ̀ọ́ láti bi í. Ìdáhùn mi ni pé ọjọ́ tí ẹṣin bá kú, olùfàṣin ni iṣẹ́ rẹ̀ tán. Bí òfin bá sì fún ẹṣin ní ọjọ́ kan ìsinmi láàárín ọ̀sẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin náà gba ìsinmi pẹ̀lú rẹ̀, ọjọ́ tí kò sí ẹni tó lè fún un láyè tẹ́lẹ̀.

Ìjọba ìbílẹ̀ ní àṣẹ láti bẹ̀rẹ̀. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 fi ìwé àṣẹ ọkọ̀ ojú omi kéékèèké, ọmọlanke àti kẹ̀kẹ́ ẹrù sí ìkáwọ́ wọn, ó sì fi àbójútó ẹran ọ̀sìn ilé náà kún un. Kí wọ́n kọ orúkọ gbogbo ẹṣin etí òkun sílẹ̀, kí dókítà ẹranko yẹ̀ wọ́n wò kí ìwé àṣẹ tó jáde, kí táǹkì omi àti àtíbàbà wà níbẹ̀, kí iṣẹ́ dúró láti aago 12 ọ̀sán sí aago 3. Kí ẹni tó ni ẹṣin, kì í ṣe ẹni tó ń fà á, jẹ́ ẹni tí ìtanràn bá. Kí ibi tí ẹṣin ti lè rìn láìsí okùn lálaalẹ́ jẹ́ ohun tí ẹni tó ń béèrè ìwé àṣẹ gbọ́dọ̀ fi hàn.

Títí dìgbà náà, ẹ̀yin tí ẹ ń sanwó, ẹ béèrè ìgbà tí ẹṣin mu omi gbẹ̀yìn, ẹ ní kí wọ́n gbé gàárì sókè kí ẹ rí ẹ̀yìn rẹ̀. Bí egbò bá wà níbẹ̀, ẹ má gùn ún, kí ẹ sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ìdí rẹ̀ fún ẹni tó ń fà á, kó lè bá yín jíṣẹ́ fún ọ̀gá rẹ̀.