Ẹ Jẹ́ Kí Obìnrin Kan Dáná Ẹ̀wọ̀n Lórí Ìtàgé

Nígbà tí àwọn aṣòfin àgbà ń yẹ ìṣúná ọdún 2024 wò ní Àbújá, tí àwọn aláṣẹ ọgbà ẹ̀wọ̀n sì jẹ́wọ́ níwájú wọn pé ₦800 ni ajá ìjọba ń jẹ lóòjọ́, ṣùgbọ́n ₦750 ni ti ẹlẹ́wọ̀n, ariwo ta, àwọn ènìyàn bú, wọ́n rẹ́rìn-ín, kò sì pẹ́ tí oníkálùkù fi padà sídìí iyán rẹ̀. Lọ́dún 2024 ni ìjọba sọ owó oúnjẹ ẹlẹ́wọ̀n di ₦1,125 lóòjọ́, èyí tí ó jẹ́ ₦375 fún oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́ta. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí àwọn òṣèré Akúrẹ́ Oyèmẹkùn àti Ondó Ẹkímọ̀gún gbé eré kan kalẹ̀ tí obìnrin kan ṣoṣo yóò dá ṣe, tí yóò gbé ìkòkò kaná lójú gbogbo wa, tí yóò sì se ohun tí owó yẹn bá rà. Òótọ́ ni pé ẹni tó ra àpò àti ẹni tó ra kóńgò kì í ra ọjà ní iye kan náà. Nítorí náà, kí ó fi ₦3,750 sè fún ẹni mẹ́wàá, kí a má baà ní ó rẹ́ ìjọba jẹ.

Àwọn kan yóò ní ẹnì kan kò lè dá eré rù. Ṣé àwọn wọ̀nyẹn kò gbọ́ ẹkún ìyàwó rí ni? Nílẹ̀ Ọ̀yọ́, ọmọbìnrin kan á dúró láàárín agbo, á yin òbí rẹ̀, á tọrọ àdúrà, á dárò ara rẹ̀, gbogbo ẹbí á sì máa sunkún. Kí òṣèré wa fi èdè Ondó sọ ti ìyá arúgbó tí ó ru abọ́ oúnjẹ wá sẹ́nu ọ̀nà ọgbà ẹ̀wọ̀n Olókùta ní Akúrẹ́, kí ó fi ohùn Akúrẹ́ sọ ti wọ́dà tí ó ní kí ìyá náà padà wá lọ́la, kí ó sì dákẹ́ pátápátá nígbà tí ó bá kan ẹni tí kò ní ará kankan tí yóò gbé abọ́ wá.

Ebi lórí ìtàgé kì í ṣe tuntun. Lọ́dún 1945 ni olóògbé Hubert Ògúǹdé, àgbà òṣèré, ṣe eré Strike and Hunger (Ìyanṣẹ́lódì àti Ebi). Nígbà tí ó gbé e dé Jọs lọ́dún 1946, ọlọ́pàá dá a dúró, adájọ́ sì bu owó ìtanràn lé e. Ìjọba aláwọ̀ funfun mọ̀ pé ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Ẹni tí ó bá sì bi mí pé kí ni ẹlẹ́wọ̀n ṣe tí a fi ní kí a bọ́ ọ yó, kí ó rántí pé ohun tí ó ju ìdajì wọn lọ ni adájọ́ kò tíì dá lẹ́bi ohunkóhun. Ìgbẹ́jọ́ ni wọ́n ń dúró dè.

Kí a kọ́kọ́ ṣe eré obìnrin náà ní Ọjà Ọba, Akúrẹ́, níwájú àwọn ìyá tí wọ́n mọ iye ẹ̀wà àti gàrí, nítorí wọn kò ní jẹ́ kí òṣèré parọ́. Lẹ́yìn náà ni kí a gbé e lọ sí gbọ̀ngàn Dome ní ìlú kan náà, kí a mú agbaṣẹ́ṣe tí ń kó oúnjẹ wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n jókòó ní ìlà iwájú, kí a sì bu tirẹ̀ fún un.